Ṣé kòkòrò ló jẹ páìpù fọráàjì yín, àbí omi fúnra ẹ̀?

Ìyá kan ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ló kọ ọ́ sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́ta rèé tí a gbẹ́ fọráàjì (kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́) sínú àgbàlá wa, páìpù gálífà (irin tí wọ́n fi síńkì bò) ni wọ́n fi sọ pọ́ǹpù kalẹ̀. Látìgbà òjò tó kọjá ni omi àárọ̀ ti ń pupa, tó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nígbà tí a fa páìpù sókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti lu bí ajere. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní kòkòrò ló ń jẹ irin, ó ní kí n san owó kí wọ́n yẹ omi wò ní láàbù, lẹ́yìn náà kí wọ́n da Javel, oògùn olómi tó ń pa kòkòrò, sí i. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kòkòrò wo ló léyín tó lè jẹ irin. Ṣé òótọ́ ni? Àyẹ̀wò wo ló yẹ kí n san owó fún? Èmi Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Mo mọ ohun tí fọráàjì ń jẹ lókè Kétu yẹn, omi jìnnà sí ilẹ̀ gan-an níbẹ̀, ẹni tó bá ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ fi owó ṣeré lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ rọra rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé àwọn kòkòrò kan wà tó ń ba irin jẹ́, àmọ́ wọn ò léyín, ojú ò tiẹ̀ lè rí wọn, bakitéríà ni wọ́n. Ohun tí ẹni tó gbẹ́ fọráàjì sọ lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn ń wá nǹkan tó máa dá lẹ́bi yàtọ̀ sí páìpù tóun fúnra ẹ̀ rà wá ni, ẹ má sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ibi tí èmi àti ẹ̀ ò ti ní gbọ́ra wa yé ni omi tó fẹ́ gbé lọ sí láàbù yẹn, torí omi nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí.

Fọráàjì tí ẹ bá bu omi ẹ̀ wò lọ́dọ̀ wa níbí, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí dé Ṣábẹ̀, ó ṣòro kí ẹ má rí bakitéríà díẹ̀ nínú ẹ̀, inú ilẹ̀ ṣáà ni ilé wọn. Pé wọ́n rí ẹnì kan lọ́jà lọ́jọ́ tí nǹkan sọnù, ìyẹn ò ní kó jẹ́ òun ló jí i. Èmi, kí n tó fọwọ́ sí i pé bakitéríà ló jẹ irin kan, nǹkan mẹ́ta ni mo ń wá, torí ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù: kí àwọn bakitéríà tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára irin yẹn gan-an, kì í ṣe nínú omi lásán, kí ìdọ̀tí tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, kí ọ̀nà tí irin gbà lu sì bá a mu. Tí ààrò kan bá yẹ̀, ọbẹ̀ ti dà nù nìyẹn, ẹ lọ wá nǹkan míì tó ba páìpù jẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí láàbù ń wá. Ògbólógbòó inú wọn ni àwọn tí kì í fẹ́ rí afẹ́fẹ́ sójú. Bí àwa ṣe ń mí ọ́síjìn, súlféètì ni àwọn ń lò, ìyẹn oríṣi iyọ̀ kan tó máa ń wà nínú omi, kékeré nínú omi míì, púpọ̀ nínú omi míì, inú lítà omi òkun kan á tó bíi 2,700 mílígírámù. Tí wọ́n bá ti lò ó, gáàsì ni wọ́n máa ń tú síta, gáàsì yìí ló ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó bá sì ti kan irin, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí dúdú ìdí ìkòkò. Ará Holland kan tó ń jẹ́ Beijerinck ló kọ́kọ́ yọ irú wọn sọ́tọ̀ lọ́dún 1895. Lọ́dún 1934 ni àwọn ará Holland méjì míì, von Wolzogen Kühr àti van der Vlugt, wá ṣàlàyé ìdí tí páìpù irin fi ń jẹrà nínú ilẹ̀ ẹrẹ̀ wọn níbẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé rárá, tó sì jẹ́ pé gbogbo ayé ló gbà pé láìsí afẹ́fẹ́ irin kì í dípẹtà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bakitéríà wọ̀nyí ń gba háídírójìn kúrò lára irin. Nígbà tó di 2004, àwọn olùwádìí ní Jámánì tún rí àwọn kan tí wọn ò tiẹ̀ dúró de háídírójìn kankan, ó jọ pé tààrà lára irin ni wọ́n ti ń fa iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ara wọn ró. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ.

Àwọn kejì ni wọ́n ń gba irin tó ti yòrò sínú omi, wọ́n á sọ ọ́ di ìpẹtà, àwọn ló ni nǹkan aláwọ̀ ọsàn tó ń yọ̀ bí ewédú tẹ́ ẹ máa ń rí nínú táǹkì omi àwọn ibòmíì. Àwọn kẹta ń tu kíkan sílẹ̀, kíkan yẹn ló ń jẹ irin. Wọn kì í sì í dá gbé, bí àwọn ayálégbé nínú ilé kan náà ni wọ́n rí: àwọn tó wà lókè máa ń lo ọ́síjìn tán, àwọn tó kórìíra ọ́síjìn á wá ráyè gbé nísàlẹ̀, lábẹ́ èépá ìpẹtà, níbi tí Javel àti omi tó ń sáré kọjá ò lè dé. Abẹ́ èépá yẹn ni páìpù ti ń lu, ojú òkè máa ń dà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Ó dáa, ká bọ́ sí tiyín.

Kẹ́ ẹ tó yọ owó, ẹ kọ́kọ́ fi imú ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ní òórùn yẹn máa ń wà láàárọ̀. Ṣé àárọ̀ nìkan ni? Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún bí ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ bu omi sínú ife, kẹ́ ẹ tún gbóòórùn ẹ̀. Tí òórùn bá ti lọ, inú páìpù tàbí inú táǹkì yín ló ti ń wá, níbi tí omi ti sùn mọ́jú. Tí kò bá lọ, abẹ́ ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ló gbé e wá, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, àní bí ẹ bá fi páìpù wúrà sí i. Ẹ bu omi táǹkì sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ bu omi tó ń bọ̀ tààrà látinú kànga sọ́tọ̀, torí mo ti rí ibi tí gbogbo wàhálà ti wá látinú táǹkì tí wọn ò fọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sórí òpó, tí wọ́n sì ti fa páìpù kànga sókè tán kí wọ́n tó rántí gun òkè lọ wò ó.

Ìkejì, kíkan omi. Ẹ ra bébà pH, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, ẹni tó ń ta oògùn omi písíìnì máa ń ní in, kò wọ́n. Ẹ tì í bọ omi tuntun láti kànga, kí ẹ wo àwọ̀ ẹ̀. 7 ni kò kan tí kò sì ṣe kikorò. Omi abẹ́ ilẹ̀ pupa tiwa níhà gúúsù yìí sábà máa ń kan díẹ̀, tó bá sì ti wọ 6 lọ sísàlẹ̀, síńkì tí wọ́n fi bo páìpù gálífà yẹn ò ní pẹ́ yòrò lọ, tó bá ti lọ tán, irin ló kàn. Kò sí bakitéríà kankan nínú ìyẹn. Irú omi bẹ́ẹ̀ á pupa, á lu páìpù, ẹnì kan á sì sọ pé kòkòrò ni.

Ìkẹta, mo fẹ́ bi yín: irin wo ni wọ́n fi ṣe pọ́ǹpù yẹn? Tó bá jẹ́ pọ́ǹpù ínọ́ọ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà, tó ń dán gbinrin ni wọ́n so mọ́ páìpù gálífà, tàbí tí wọ́n fi idẹ sáàárín wọn, irin méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ni wọ́n kó sínú omi kan, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tó rẹlẹ̀ á máa jẹrà kíkankíkan láti dáàbò bo èyí tó ga. Gálífà ló rẹlẹ̀. Ẹ sì wá sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ páìpù ló lu, ìyẹn ibi tó sún mọ́ pọ́ǹpù jù. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá, kí n sòótọ́. Tó bá jẹ́ páìpù méjì tàbí mẹ́ta tó kángun sí pọ́ǹpù nìkan ló bàjẹ́ tí àwọn tòkè ṣì le koko, ẹ jẹ́ ká fura sí ìsopọ̀ yẹn ṣáájú bakitéríà.

Ó wá ku páìpù. Níbo ló wà báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé e lọ, òun ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi jórinjórin kan ní Àjàṣẹ́, kí n tó wọ iṣẹ́ láàbù, a máa ń fi irin gbá irú páìpù bẹ́ẹ̀ láti tú ìpẹtà kúrò kí a lè jó o padà, mi ò mọ̀ pé ìwé tó yẹ ká kà la ń gbọn dànù sórí ilẹ̀ yẹn. Báyìí, tí mo bá gba páìpù, mo máa ń fi ayùn gé e ní òró, bí ẹni la obì, kì í ṣe iná, torí iná á sun gbogbo ohun tí mo ń wá. Mo máa wá kókó ìpẹtà tó ga jù, àwọn kókó yẹn máa ń wú bí oówo. Mo máa fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí i. Ìta ẹ̀ á pupa, ó máa ń le bí èèpo ẹ̀pà tó gbẹ. Inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ranjú mọ́: tó bá jẹ́ pé pupa náà ló wà nínú ẹ̀, tàbí àwọ̀ ilẹ̀ lásán, ọ̀rọ̀ ò tíì tó bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ dúdú kirikiri, tó tutù, tó ń yọ̀ láàárín ìka, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má nù ún nù. Àmọ́ kò ní pẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí dúdú yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í padà di pupa lójú yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé páìpù tó ti wà nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè jẹ́rìí dáadáa mọ́. Tiyín ńkọ́? Tó bá ti gbẹ, àwọn kókó tó nípọn jù ló lè ṣì ní nǹkan nínú.

Lórí ẹrẹ̀ dúdú yẹn, mo máa kán ẹ̀kán àsíìdì kan tàbí méjì, àsíìdì tí àwọn tó ń lẹ táìsì fi ń nu sìmẹ́ńtì kúrò, èyí tí kò lágbára púpọ̀, kì í ṣe ti bátìrì mọ́tò. Tó bá hó tí òórùn ẹyin sì sọ, súlfáìdì, ohun dúdú tí gáàsì yẹn ń sọ irin dà, ló wà níbẹ̀. Àwa ní láàbù máa ń mú bébà kan tí wọ́n fi òjé ṣe súnmọ́ ọn, bébà funfun á dúdú. Tó bá hó tí kò rùn, òkúta ẹfun inú omi ló ń hó. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ti tú àṣírí fún mi ju ìgò tí mo dúró tì fún oṣù kan lọ. Àmọ́ ẹ̀yin ẹ má ṣe é nílé, Ìyá Ìbejì, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ní gbangba òde. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da àsíìdì síbi tí Javel ti wà, torí àwọn méjèèjì tí wọ́n bá pàdé, gáàsì tó ń pa èèyàn ló ń jáde. Gáàsì ẹyin yẹn náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀, imú èèyàn máa ń gbọ́ ọ kíákíá tó bá kéré, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, tó tó bí 100 nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́, ó máa ń kun imú lóorun, òórùn á kàn pòórá, ẹni tó wà nínú ẹ̀ á rò pé ó ti lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga tàbí táǹkì tó ń rùn bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe alágbára.

Ní ti láàbù. Àyẹ̀wò tó lọ́jọ́ lórí jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò, ni ti ìgò. Ìgò kékeré márùn-ún tàbí mẹ́fà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oúnjẹ tí bakitéríà fẹ́ wà nínú wọn, mílílítà 9 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti lé afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ̀, ìṣó irin kékeré kan sì máa ń wà nínú ẹ̀. A ó fi sírìǹjì fa mílílítà 1 omi tàbí ẹrẹ̀ tí a pò mọ́ omi, a ó gún un gba ojú rọ́bà ìgò kìíní, a ó mì í, a ó fi sírìǹjì tuntun fa mílílítà 1 látinú ìgò kìíní sí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́ ju ti iwájú ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni a ó dúró. Ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń dúró fún àwọn tó ń lo súlféètì, ọjọ́ 14 fún àwọn tó ń tu kíkan. Ìgò tó bá ti ní àwọn tó ń lo súlféètì nínú á dúdú, ìṣó inú ẹ̀ á dúdú fín-ín-fín. Tí ìgò mẹ́ta àkọ́kọ́ bá dúdú tí ẹ̀kẹrin ò dúdú, a jẹ́ pé ó tó ọgọ́rùn-ún lọ sí ẹgbẹ̀rún nínú mílílítà kan. Nǹkan kan wà tó máa ń tan àwọn tó ń kánjú jẹ: tí gáàsì bá ti wà nínú omi yẹn tẹ́lẹ̀, ìgò kìíní lè dúdú lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kì í ṣe bakitéríà tó ń dàgbà, ṣe ni ẹ máa gbójú kúrò lára ẹ̀ kẹ́ ẹ wo àwọn tó kù.

Oúnjẹ inú ìgò náà gbọ́dọ̀ bá omi mu. Bakitéríà inú ọ̀sà Àjàṣẹ́ tó ti mọ omi oníyọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e sínú oúnjẹ omi aláìníyọ̀, kò ní hù, ẹ ó sì kọ ọ́ pé kò sí. Àní tí gbogbo ẹ̀ bá bá a mu, èyí tó máa hù nínú ìgò kò tó nǹkan nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Nítorí náà "kò sí" látinú ìgò, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó gbé e mì.

Èmi náà ti gbé e mì rí láìfi iyọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni, iléeṣẹ́ kan létí òkun pè mí pé kí n wá yẹ omi páìpù tí wọ́n fi ń paná wò, páìpù tí omi ń sùn sínú ẹ̀ látọdún dé ọdún. Mo dé bẹ̀, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí omi ṣàn dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo bu omi tó mọ́ gaara, mo gbé e lọ. Ọjọ́ 28 pé, ìgò ò dúdú, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí bakitéríà tó ń jẹ irin. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé tí wọ́n fi pè mí pé páìpù ti bẹ́ lórí ilé ìkẹ́rù. Nígbà tí a gé e, ìdajì ìsàlẹ̀ ẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ dúdú, mo fá a, mo gbé e sínú ìgò, ìgò kejì ti dúdú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí oṣù tó pé ó ti dé ẹ̀karùn-ún. Inú páìpù kan náà o. Omi tó ń kọjá ni mo bi léèrè, àwọn onílé wà lára ògiri, wọn ò jáde. Látìgbà náà, tí ẹnì kan bá gbé omi nìkan wá fún mi, mo máa bi í pé irin ẹ̀ dà?

Ẹ ò bá tiẹ̀ fẹ́ rí bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù epo ṣe ń ṣe tiwọn. Ẹ mọ̀ pé páìpù epo rọ̀bì kan ti ti Niger wá dé Sèmè níbí, gígùn ẹ̀ fẹ́ tó 2,000 kìlómítà. Nínú irú páìpù gígùn báyìí, wọ́n máa ń ti nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́dẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni o, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, á máa fá ògiri páìpù bọ̀ títí á fi jáde lódì kejì, ẹrẹ̀ tó bá gbá jáde ni wọ́n máa ń gbé lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n tún máa ń so irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ inú páìpù, wọ́n á ti wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fi sí i, lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á fá a, wọ́n á tún un wọ̀n, ohun tó dín nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ìjẹrà ṣe ń yára tó. Àìbìkítà ò dáa níbẹ̀: lọ́dún 2000, páìpù gáàsì kan bẹ́ nítòsí Carlsbad ní Amẹ́ríkà, èèyàn 12 ló kú, inú páìpù ló ti jẹrà, àwọn tó wádìí ẹ̀ sì rí i pé bakitéríà wà lára ohun tó ṣeé ṣe kó dá kún un.

Àyẹ̀wò míì wà tó yá ju ìgò lọ. Ọ̀kan ń lo nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára tannátanná, kòkòrò alẹ́ tó ń tan iná nídìí yẹn. Gbogbo ohun tó bá ṣì wà láàyè ló ní èròjà kan nínú tó ń pèsè agbára, wọ́n ń pè é ní ATP. Tí wọ́n bá da oje tannátanná yẹn sí i, á tan ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan á ka ìmọ́lẹ̀ yẹn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti mọ bí àwọn alààyè ṣe pọ̀ tó. Ó dùn mọ́ mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe é. Àmọ́ kò lè sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ó kàn máa sọ pé èrò pọ̀ nílé yìí ni. Èyí tó lè dárúkọ wọn ni PCR, irú èyí tí wọ́n ń tì bọ imú wa nígbà Kòrónà, ó ń wá àmì ìdánimọ̀ bakitéríà kọ̀ọ̀kan. Aléébù tiẹ̀ ni pé ó máa ń ka òkú mọ́ alààyè, ó sì wọ́n. Fún fọráàjì inú àgbàlá, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ náwó PCR, owó páìpù tuntun ni.

Ààrò kẹta, bí irin ṣe lu. Àwọn kan á fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé tí ihò bá rí roboto bí ife nínú ife, bakitéríà ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lábẹ́ kókó ìpẹtà, ṣùgbọ́n àsíìdì àti iyọ̀ náà lè gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń fi kún ẹ̀rí ni. Èyí tó máa jẹ́ kí n fura sí omi kíkan ni tí páìpù bá fẹ́lẹ́ yíká látòkè dé ìsàlẹ̀, bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ pẹ́.

Javel ńkọ́? Ẹ má tíì dà á. Tẹ́ ẹ bá dà á kí a tó mú nǹkan fún àyẹ̀wò, ẹ ti pa ẹlẹ́rìí nìyẹn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbọ́dọ̀ kọjá kí àyẹ̀wò tó ní ìtumọ̀. Javel fúnra ẹ̀ sì ń jẹ irin, tó bá pọ̀ tó sì pẹ́. Ohun tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni èépá yẹn, àwọn tó wà lókè ló máa kú, àwọn tó wà lábẹ́ kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà òórùn á tún padà dé, wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ mú owó wá. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú kànga, kó fa gbogbo ìdọ̀tí jáde, kó tó da oògùn sí i ní ìwọ̀n, kó jẹ́ kó sùn, kó sì fà á dànù títí òórùn ẹ̀ á fi lọ.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni àgbàlá yẹn, n kò ní dá gálífà padà sínú omi yẹn láé, yálà bakitéríà ni tàbí kíkan ni. Páìpù tí kì í ṣe irin, irú èyí tí wọ́n ṣe fún pọ́ǹpù tó lè gbé ẹrù ẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ yẹn, ni mo máa bèèrè, tàbí ínọ́ọ̀sì láti òkè délẹ̀ tí owó bá wà. Ṣé ẹ rí i, ìdáhùn kan náà ló wo àìsàn méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé kẹ́ ẹ má fi owó rẹpẹtẹ dárúkọ kòkòrò. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ san owó fún láìjáfara ni àyẹ̀wò omi mímu, ti bakitéríà inú ìgbẹ́, pàápàá bí ṣáláńgá bá wà nítòsí. Àwọn tó ń ba irin jẹ́ kì í sábà pa èèyàn lára, ti inú ìgbẹ́ yàtọ̀ pátápátá, àyẹ̀wò kan kò sì lè dúró fún èkejì.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó gbẹ́ fọráàjì, mo gbà, ẹ̀tọ́ yín ni, owó yín ló wọ ilẹ̀. Kí wọ́n gé ibi tó lu, kó gùn tó apá èèyàn, kí wọ́n gé òmíràn láti òkè níbi tí kò tíì bàjẹ́. Kí wọ́n fi ike dì í mọ́ omi kànga yẹn gan-an kó má baà gbẹ, kí wọ́n sì bu omi kún ìgò kan títí dé ọ̀nà ọ̀fun tí afẹ́fẹ́ kankan ò ní ṣẹ́ kù. Inú kúlà ni kó wà, kí yìnyín tutù ú, kó má di dídì. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Láti Kétu, ọkọ̀ tó bá gba Pọ́bẹ̀ àti Sakété á gbé e dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kan náà, kó má kọjá ọjọ́ kejì. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ tó máa gbé e wá o, torí ọmọ tó wá láti ilé rere lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, òun ló máa rí i pé páìpù náà dọ̀tí, tó máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó gbé e fún bàbá.